Ta Ni Ẹ̀gbọ́n, Ta Ni Àbúrò?

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wá sí Ìlọrin kí ẹ wo bí a ti ń ra àgbò. Ẹni tí ó mọ ẹran rà kì í bi ẹni tí ń tà á pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni èyí?" Ó mọ̀ pé irọ́ ni òun yóò gbọ́. Ńṣe ni yóò di àgbò náà ní ìwo mú, tí yóò fi àtàǹpàkò la ẹnu rẹ̀, tí yóò wo eyín rẹ̀ bóyá ó ti pààrọ̀. Àgbò kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tí ń tà á kò sì ṣeé gbàgbọ́, nítorí náà eyín ni ẹlẹ́rìí. Ẹnikẹ́ni kò rí ohun ìtìjú nínú èyí. Ẹran ṣáà ni.

Ní ọdún 2009, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ọdún náà ni Nàìjíríà gba ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé àwọn ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 17 lọ ní àlejò. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ bọ inú ẹ̀rọ tí à ń pè ní MRI, kí àwọn dókítà lè wo egungun wọn. Nínú àwọn tí a ti kó jọ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ wa, 15 ni wọ́n yọ kúrò lẹ́yìn àyẹ̀wò náà. Wọ́n fi ẹlòmíràn dípò wọn, ikọ̀ náà sì dé àṣekágbá ní Abùjá, níbi tí Switzerland ti fi ayò 1 sí 0 nà wọ́n. Mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ohun tí mo sì rántí ni pé a sunkún nítorí ayò kan yẹn. Ẹnikẹ́ni kò sunkún nítorí àwọn 15.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ni. Ní ìsàlẹ̀ egungun apá, lẹ́bàá ọrùn ọwọ́, ibi rírọ̀ kan wà tí egungun ti ń gùn sí i. Bí ọmọkùnrin bá ti ń di géńdé, ibẹ̀ a máa dì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di egungun líle, tí àlà tí ó wà láàrin wọn yóò sì parẹ́. Àwọn oníṣègùn tí ó wádìí rẹ̀ sọ pé nínú 100 ọmọkùnrin tí kò tí ì kọjá ọdún 17, agbára káká ni a fi lè rí ẹyọ kan tí tirẹ̀ ti dì tán. Eyín àgbò náà kúkú ni, àyàfi pé ẹ̀rọ olówó iyebíye ni a fi ń wò ó.

Kí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí? Ní alẹ́ àríyànjiyàn ẹgbẹ́ wa ní sáà tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹnu rẹ̀ dùn dìde. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú kí agbábọ́ọ̀lù dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ó ní òyìnbó kó wa lẹ́rú, ó kó epo wa, ó kó kòkó wa, bí a bá sì fi ọdún mẹ́rin márùn-ún rẹ́ ẹ jẹ nídìí bọ́ọ̀lù, gbèsè ni a ń gbà padà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ibùsùn, oorun kò kùn mí, nítorí pé mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀, n kò sì sọ ọ́. N ó sọ ọ́ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ gbèsè náà wò. Ta ni a ń jà lólè? Nínú ìdíje yìí, ọmọ 21 ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó lọ. Jámánì ní àga 21 tirẹ̀, Spéènì ní tirẹ̀, Brazil ní tirẹ̀. Bí géńdé ọmọ ọdún 20 bá jókòó sí orí àga kan nínú ti Nàìjíríà, kò lé ọmọ òyìnbó kankan dìde. Ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 lóòótọ́ ni ó lé dìde. Ọmọ Jámánì tí a nà ní ayò méjì lónìí, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, yóò tún padà sí pápá tirẹ̀, níbi tí koríko tútù wà àti akọ́nimọ̀ọ́gbá àti dókítà. Níbo ni ọmọ tiwa yóò padà sí?

Mo mọ ibi tí ọ̀kan padà sí. Ìyá rẹ̀ ń ta wàrà ní Ọjà-Ọba, níhà ibi tí ènìyàn ti ń rí ààfin Ẹ́míà lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé wa kò jìnnà sí tiwọn. Ní ọjọ́ tí a sọ ọmọ náà lórúkọ, mo jẹ́ ọmọ ọdún 8, èmi ni wọ́n rán pé kí n máa bu omi fún àwọn àáfà. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè bá mi jiyàn ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn alápatà máa ń fi ọ̀bẹ sílẹ̀ wò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wá, ó ń ṣa àwọn ọmọ tí yóò lọ sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní òkè òkun. Mo tẹ̀ lé àbúrò mi yìí lọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà dáadáa. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ó kéré jù. Kí ó lọ jẹ àmàlà ọdún méjì sí i." Mélòó ni ó fẹ́ kí ọmọ ọdún 15 tóbi tó, nínú ìdíje tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé?

Ẹni tí wọ́n mú dípò rẹ̀, mo mọ òun náà. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde ilé ìwé gíga kí èmi tó ṣe tèmi. Ìwé rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún 15 ni. Nígbà tí ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì wà nítòsí, ó fi orúnkún tẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá." Orí mi wú. Ẹni tí ó ń rán mi níṣẹ́ ní àná ni ó ń pè mí ní bọ̀dá yìí!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè pẹ̀lú mi, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí irọ́ yìí ti ṣe wọ ẹnu Yorùbá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan kí ó má mọ̀ bóyá ó jù ú lọ tàbí kò jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń pe olórí àti ìránṣẹ́. Faransé tí èmi ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì, ṣùgbọ́n bóyá ènìyàn jẹ́ ojúlùmọ̀ tàbí àlejò ni ó sábà máa ń wò, kì í ṣe ọdún tí ó fi jù ú. Àwa ńkọ́? Kí a tó la ẹnu, a ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá "o" ni tàbí "ẹ". Àwa ni a ń jiyàn ìṣẹ́jú díẹ̀ láàrin ìbejì, tí a ní Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán an wá tọ́ ayé wò. Àwa ni a ń bínú bí ẹni tí a fi ọ̀sẹ̀ kan jù bá pe orúkọ wa láìfi ohun kan sí i. Ènìyàn tí ó ní irú èdè yìí, kí ni ó lè mú un gé ọdún márùn-ún sọnù bí ẹni gé èékánná?

Kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó ń gé e. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti kọ́ ọmọ kékeré pé bí àlejò bá wà níjokòó, kí ó má ṣe pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, kí ó pe orúkọ rẹ̀ gbáà. Ọmọ náà kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ dán òun wò ni. Àwọn òbí tí ó yẹ kí wọ́n nà án bí ó bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fín ni ó ń nà án nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún un. A ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà bọ́ọ̀lù yìí, àwọn àgbà wà níbẹ̀, àwọn gan-an ni ó ń fi ọwọ́ wọ́ ọ.

Ó tó àkókò kí n sọ tèmi. Ìwé tí ẹni tí ó pè mí ní bọ̀dá yẹn ń gbé kiri, ìwé ìbúra kóòtù tí ó sọ ọ́ di ọmọ ọdún 15, èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọdún kìíní mi ní yunifásítì ni. Ìbátan mi kan gbé e wá, ó ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ èdè, bá wa tún Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe kí ó dùn létí adájọ́." Wọ́n fún mi ní ₦2,000, mo sì fi í ra ìwé atúmọ̀ èdè Faransé àlòkù tí mo ń lò títí di òní. N kò mọ̀ nígbà náà pé àga ọmọ oníwàrà ni mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì tà. Òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké: mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni n ó gba owó náà.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìwé náà ni ìdí tí a fi síbẹ̀. A kọ ọ́ pé àwọn òbí rẹ̀ kò mọ̀wé, wọn kò sì kọ ọjọ́ tí wọ́n bí i sílẹ̀. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí a sọ sí Ìlọrin! Ìlọrin tí àwọn àáfà rẹ̀ ti ń fi lárúbáwá kọ ìwé kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Ilé mélòó ni kò sí ìwé kan tí baálé kọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sí ní ìlà kan ṣoṣo, pẹ̀lú oṣù àti ọdún Hijira? Àwọn obìnrin Ọjà-Ọba tí wọn kò kàwé rárá, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí ọmọ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò sọ fún yín pé òun àti ọmọ lágbájá ni wọ́n jọ mu ọmú, pé ọdún tí wọ́n bí i ni nǹkan báyìí wọ́n, pé ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ nígbà tí àbúrò òun ń ṣe ìgbéyàwó. Wọn kì í ṣi í. A mọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ wa. A fẹ́ kí ayé rò pé a kò mọ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé kan ni mo ń sọ di ọ̀rọ̀ ìlú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1985, a gba ife àgbáyé àwọn ọmọdé yìí ní Ṣáínà, nígbà tí ó jẹ́ ti àwọn tí kò ju 16 lọ. A nà Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn ní ayò 2 sí 0. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àjọ FIFA lé wa kúrò. Ní 1989, wọ́n fi òfin dè wá fún ọdún 2 nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́-ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù 3 nígbà Òlíḿpíìkì 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tí à bá gbà ní àlejò bọ́ lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ Pọtogí ni ó gbà á. Ṣé a kọ́gbọ́n? Ẹ ti gbọ́ ti 2009. Ní 2016, nígbà tí a fẹ́ bá Niger figagbága, 26 ni ẹ̀rọ tún mú nínú àwọn ọmọ tí a kó jọ. Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, 21 nínú 30 ni ó já sílẹ̀. A ti gba ife àwọn ọmọdé yìí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ní 1985, 1993, 2007, 2013 àti 2015, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ife àgbáyé àwọn àgbà, ikọ̀ ọkùnrin wa kò tí ì kọjá ìpele ikọ̀ 16 rí. N kò sọ pé irọ́ ọjọ́ orí nìkan ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó bàjẹ́ nínú bọ́ọ̀lù wa. Mo kàn ń bi yín ni: bí àwọn ọmọdé wa bá dára jù lọ ní ayé, níbo ni wọ́n máa ń wọlé sí kí wọ́n tó dàgbà?

N kò sì sọ pé gbogbo àwọn tí ó gba ife wọ̀nyẹn ni òpùrọ́. Èyí gan-an ni apá kan ìwà ìkà náà. Ọmọ tí ó sọ òtítọ́, tí ó sì yege, kò ní orúkọ tí ó mọ́ mọ́. Bí ó bá gbá ayò wọlé, àwọn ènìyàn yóò wo irùngbọ̀n rẹ̀. Irọ́ ẹlòmíràn ti jẹ orúkọ rẹ̀ tán kí ó tó dé pápá.

"Gbogbo ayé ní í ṣe é." Ọ̀rọ̀ kejì tí mo gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn, òtítọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní 2001, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Danny Almonte ń ju bọ́ọ̀lù baseball bí ẹni ju òkò nínú ìdíje àwọn ọmọ ọdún 12. Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé ọmọ ọdún 14 ni, baba rẹ̀ ni ó sì yí ìwé ìbí rẹ̀ padà. Ní Òlíḿpíìkì Sydney ní 2000, Ṣáínà fi ọmọbìnrin ọdún 14 sínú àwọn tí ń fi ara dárà, bẹ́ẹ̀ ni òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní 16. Ní 2010 wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i: ní Amẹ́ríkà wọ́n dín ọdún ọmọ kù, ní Ṣáínà wọ́n bù kún un. Níbi méjèèjì, ọmọ kò pe ara rẹ̀ síbẹ̀. Àgbàlagbà kan ni ó fẹ́ nǹkan, ó sì wọ awọ ọmọdé lọ mú un.

N kò ní jẹ́ kí àwọn tí ó ni ìdíje náà fún ra wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2025, FIFA ti sọ ìdíje àwọn ọmọ ọdún 17 di ọdọọdún, ilẹ̀ 48 ni ó sì kóra jọ sí Qatar. Kí ni ọmọdé fẹ́ fi ife àgbáyé ọdọọdún ṣe? Àwọn tí ń ra agbábọ́ọ̀lù ni ó jókòó yí pápá ká. Òfin FIFA fúnra rẹ̀ sọ pé kò yẹ kí a ra ọmọ tí kò tó 18 láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀. Nítorí náà wọ́n pàtẹ wọn ní 17, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ọjà ní 18. Ní ọjà yìí, bí ọjà bá ti kéré lọ́jọ́ orí tó ni owó rẹ̀ ń gòkè tó. Ẹni tí ó dá irú ọjà báyìí sílẹ̀, tí ó wá ń ya ẹnu pé àwọn ènìyàn ń pa ọjọ́ orí rẹ́, ó dà bí ẹni tí ó da ìyọ̀ sí iwájú ewúrẹ́ tí ó ń pè é ní olójúkòkòrò.

Ẹ̀rọ wọn náà ńkọ́? Ilẹ̀ 48, ọmọ 21 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ọmọ 1,008. Bí egungun ọmọ kan ṣoṣo nínú 100 bá yára dì, ọmọ bíi 10 ni a lè pè ní òpùrọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ òtítọ́. Ta ni yóò gba ẹjọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rò? Tí ó bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tí a sì ti mọ̀ wá fún ìwé ìbúra, ta ni yóò gbọ́ ti ìyá rẹ̀?

Tálákà ni wọ́n, ẹ ní kí ni kí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ó mú mi dákẹ́. Ẹni tí mo kọ ìwé fún kì í ṣe ọlọ́ṣà. Baba rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tòótọ́ kò sì sí ẹni tí yóò fún un ní owó lé e. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ mú un lọ́la, orúkọ rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. A kò ní gbọ́ orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, a kò ní gbọ́ orúkọ ìbátan mi, a kò ní gbọ́ orúkọ ẹni tí ó tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Mo káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tálákà ni ìyá oníwàrà náà, òun kò sì rí ẹni kọ ìwé fún un.

Mo lọ bá a ní Ọjà-Ọba ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti rò pé yóò gbé mi ṣépè. Ó ń wẹ abọ́ wàrà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Nígbà tí ó yá, ó bi mí pé, "Ṣé wọn á tún padà wá ṣa àwọn ọmọ?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ọmọ náà ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní ọjà, pé kò bá wọn lọ sí pápá mọ́. Ó wé wàrà díẹ̀ fún mi pé kí n mú un lọ sí ilé ìwé. Ó ṣòro fún mi láti jẹ ẹ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Òfin tí ó ní kí a forúkọ ọmọ tí a bí sílẹ̀ ti wà láti 1992. Kí àjọ ìkànìyàn wá jókòó sí ibi tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Àáfà wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, oúnjẹ pàápàá wà níbẹ̀. Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan má gba ìwé ìbúra tí a ṣe lẹ́yìn tí ọmọ ti kọjá ọdún 10. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ó béèrè, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àdúgbò ọmọ náà, kí ó tẹ́tí sí bí àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń pè é. "O" àti "ẹ" kì í parọ́ nígbà tí wọn kò bá tí ì kọ́ wọn. Bí ẹ̀rọ bá sì mú ẹnìkan, kí a bi í léèrè ẹni tí ó mú un lọ sí kóòtù.

Ní ìpàdé wa tí ń bọ̀, n ó gbé àbá kan wá pé kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan má ṣe kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ ìbátan, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́; nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé e wá bá. Orúkọ mi ni yóò kọ́kọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́nu dídùn, mo pè ọ́ jáde kí o wá ta kò mí. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, jọ̀wọ́ gba Ọjà-Ọba kọjá, ra wàrà lọ́wọ́ ìyá náà, kí o sì sọ fún un pé gbèsè òyìnbó ni a fi ọmọ rẹ̀ gbà.